William Conrad: ohùn tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, ara tí tẹlifíṣọ̀n kọ̀

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe eré orí rédíò kò ní ojú tó lè fi sọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ló ní. Ohùn yẹn ni yóò fi ga, òun ni yóò fi kúrú, òun ni yóò fi jẹ́ ọba lónìí tí yóò sì fi jẹ́ olè lọ́la. Ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú ilé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ ya àwòrán ohun tó kù.

Nínú àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun láyé àtijọ́, ọ̀kan wà tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí. William Conrad ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Fún ọdún 9, òun ni ohùn ọ̀gá agbófinró nínú eré rédíò kan tí wọ́n ń pè ní Gunsmoke. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ìdúró rẹ̀, wọ́n ní kò bá ohùn náà mu, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí a rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, pàápàá ẹ̀yin tí rédíò kì í dákẹ́ nílé yín, lóko yín àti ní ìsọ̀ yín lọ́jà.

Ọmọ onílé sinimá

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. John William Cann ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. William Conrad ni orúkọ tó mú wọ inú iṣẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilé sinimá, nítorí náà eré kò jìnnà sí i láti kékeré. Nígbà tó ṣì wà níléèwé, ìdílé náà kó lọ sí gúúsù California, lápá ibi tí àwọn iléeṣẹ́ fíìmù àti rédíò pọ̀ sí. Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní ìlú Fullerton, níbi tó ti fọkàn sí eré orí ìtàgé àti lítíréṣọ̀. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò KMPC ní Los Angeles. Ó ń kéde, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà, ó sì ń darí ètò.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí rédíò jẹ́ lọ́hùn-ún nígbà yẹn. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì wọ ilé àwọn èèyàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n bá jẹun tán, tọmọdé tàgbà á jókòó yí rédíò ká. Eré ọlọ́pàá wà, eré ìfẹ́ wà, eré ẹlẹ́rù wà, eré apanilẹ́rìn-ín náà wà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ, sìgá àti oúnjẹ ló ń sanwó àwọn eré náà kí wọ́n lè polówó ọjà wọn láàárín rẹ̀. Owó wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì wà fún ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ohùn.

Ogun àgbáyé kejì dá ọ̀rọ̀ náà dúró díẹ̀. Conrad wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun, ó sì di ọ̀gá ológun ní ọdún 1943. Síbẹ̀, rédíò kò fi í sílẹ̀. Kí ó tó bọ́ṣọ ológun sílẹ̀, ó ti ń darí ètò lórí rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Los Angeles, ó sì kó wọ inú eré rédíò pátápátá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré tí ojú kò rí

Kí iṣẹ́ ọkùnrin yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré rédíò nígbà náà. Yàrá kan ni, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ariwo ìta má baà wọlé. Máíkì wà láàárín. Àwọn òṣèré dúró yí i ká, ìwé eré wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Wọn kì í kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, wọ́n ń kà á ni. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kàwé. Bí ìwé bá dún lẹ́nu máíkì, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dà bíi pé òun wà lọ́nà jíjìn á sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á sún mọ́ máíkì débi pé ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Òṣèré kan náà lè jẹ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú eré kan ṣoṣo. Ó kàn máa yí ohùn padà ni, ó di ẹlòmíì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn tó ń ṣe ìró máa ń wà. Tiwọn ni gbogbo ohun tí etí ní láti gbọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n á mú èèpo àgbọn tí wọ́n là sí méjì, wọ́n á fi máa gbá iyẹ̀pẹ̀ tàbí pákó: ẹṣin ń sáré bọ̀ nìyẹn. Wọ́n á rún ọ̀rá tó máa ń dún lọ́wọ́: iná ń jó nìyẹn. Wọ́n á máa tẹ àpò tí wọ́n kó ìyẹ̀fun àgbàdo sí: ẹnì kan ń rìn lórí yìnyín nìyẹn. Ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ kò rí èèpo àgbọn. Ẹṣin ló rí, ó sì lè sọ àwọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré náà ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ gan-an ló ń jáde. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, etí gbogbo ayé ló ti ṣì í sọ. Iye eré tí èèyàn bá ṣe ló sì ń gbowó rẹ̀, kò sí owó oṣù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ti iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà, bí oníṣòwò tó ń ná ọjà méjì.

Conrad mọṣẹ́. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì rinlẹ̀. Kò ní láti pariwo kí wọ́n tó bẹ̀rù rẹ̀, kò sì ní láti sunkún kí àánú rẹ̀ tó ṣe èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ṣírò pé ipa tí òun kó nínú eré rédíò tó 7,500. Ẹ wò ó báyìí: bí èèyàn bá ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ láìsinmi ọjọ́ kan, ó máa lé ní ọdún 20 kó tó parí iye yẹn.

Àgbẹ̀ tó bá ìjàlọ jà

Ọ̀kan nínú àwọn eré tí àwọn olùfẹ́ rédíò àtijọ́ kò gbàgbé ni èyí tó ṣe ní ọdún 1948, nínú ètò kan tó ń jẹ́ Escape. Ìtàn náà dá lórí Leiningen, àgbẹ̀ kan tó ní oko ńlá ní Brazil. Wọ́n wá sọ fún un pé àwọn ìjàlọ ń bọ̀, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n bo ilẹ̀ lọ títí ojú kò fi tó o, ohunkóhun tó bá sì wà lọ́nà wọn ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní kó sá. Ó kọ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa mọ ìjàlọ. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá wọlé, onílé ló máa jáde fún wọn. Nítorí náà ẹ lè fojú inú wo ohun tó wà nínú eré yẹn: ẹgbàágbèje kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò rí, àti ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń gbìyànjú kí ẹ̀rù má bà á. Conrad ni ohùn yẹn.

Ọdún 6 lẹ́yìn náà, ní 1954, wọ́n sọ ìtàn náà di fíìmù tí wọ́n pè ní The Naked Jungle. Charlton Heston, ọkùnrin tó ga, tó sì rẹwà, ni wọ́n mú láti jẹ́ Leiningen. Conrad wà nínú fíìmù náà o. Ipa aṣojú ìjọba ni wọ́n fún un. Àgbẹ̀ tó ti jẹ́ lórí rédíò ti di ti ẹlòmíì, òun sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé fíìmù kò rí i lò. Láti ọdún 1946, nígbà tó jáde nínú The Killers, ló ti ń ṣe fíìmù. Ọ̀kan nínú àwọn apààyàn méjì tó wọ ilé oúnjẹ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ló jẹ́. Irú ipa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún un: ọ̀daràn, ọlọ́pàá tínú rẹ̀ le, ẹni tí kò ní pẹ́ lójú àwòrán. Níbi tí ojú ti ń ṣèdájọ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi í sí. Orí rédíò nìkan ló ti ń jẹ́ olórí eré.

Gunsmoke

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1952, iléeṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ eré rédíò tuntun kan tí wọ́n pè ní Gunsmoke, ìyẹn èéfín ìbọn. Norman Macdonnell ló ń darí rẹ̀, John Meston sì ni olórí àwọn tó ń kọ ọ́. Ìlú Dodge City, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín ọdún 1870 sí 1880. Ìlú ọjà màlúù ni Dodge City nígbà yẹn. Àwọn adarandaran á da ẹran wá láti Texas, wọ́n á tà wọ́n níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin á sì kó wọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ńlá mọ bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: owó ń lọ, ọtí ń ṣàn, àjèjì pọ̀, ìjà kò sì jìnnà. Matt Dillon ni ọ̀gá agbófinró tó ń gbìyànjú láti mú kí àlàáfíà wà níbẹ̀.

CBS kò kọ́kọ́ fẹ́ fún Conrad ní ipa Dillon. Kì í ṣe nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti pọ̀ jù lórí rédíò, gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Macdonnell dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dán àwọn mìíràn wò, wọ́n sì ní kí Conrad náà wá kà á. Kò tíì kà á jìnnà tí ẹjọ́ fi parí.

Ohun tó mú kí eré yìí yàtọ̀ ni pé àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Títí di ìgbà náà, púpọ̀ nínú eré nípa àwọn adarandaran ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ti ọmọdé ni. Ẹni rere máa ń borí, ẹni burúkú máa ń ṣubú, gbogbo ilé á sì sùn lọ tayọ̀tayọ̀. Nínú Gunsmoke, ẹni rere lè kú. Agbófinró lè dé lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Nígbà míì, ó máa ń mú ẹni tó yẹ kó mú, síbẹ̀ kò ní sí ẹnikẹ́ni tínú rẹ̀ dùn. Dillon tí Conrad ṣe kì í fọ́nnu. Ìwà ipá ti sú u, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì lè fi í sílẹ̀. Gbogbo èyí ni Conrad ń fi ohùn nìkan sọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré.

Kì í ṣe òun nìkan. Parley Baer ni Chester, ọmọṣẹ́ Dillon. Howard McNear ni dókítà ìlú. Georgia Ellis ni Kitty, obìnrin tó wà ní ilé ọtí. Àwọn tó ń ṣe ìró náà kì í kánjú. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ á kọ́kọ́ gbọ́ bàtà lórí pákó, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ajá á gbó lókèèrè, ilẹ̀kùn á ké, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wà nínú eré, àwọn tó ń gbọ́ sì mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ọdún tí ara gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ohùn

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, tẹlifíṣọ̀n ti ń wọ ilé dé ilé ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń sanwó ìpolówó ń kó owó wọn kúrò ní rédíò, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí ojú ti ń ríran. CBS rí i pé Gunsmoke ń pa ọjà, wọ́n sì pinnu láti ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìbéèrè ìgbà náà ni pé, ta ni yóò jẹ́ Matt Dillon? Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò ló ti ní Dillon tirẹ̀ lọ́kàn. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lórí ẹṣin. Ohùn Conrad ló ya àwòrán yẹn sí wọn lọ́kàn. Conrad fúnra rẹ̀ kò sì jọ àwòrán náà. Ó sanra, kò ga púpọ̀. Ohùn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ débi pé ó ti di ohun tí ara rẹ̀ kò lè bá dọ́gba mọ́.

Wọ́n fún àwọn òṣèré rédíò náà ní àyè láti wá dán ara wọn wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Nígbà tí Gunsmoke jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, James Arness ni Matt Dillon. Ọkùnrin tó ga tó mítà méjì ni. Dennis Weaver ni Chester, Milburn Stone ni dókítà, Amanda Blake sì ni Kitty. Gbogbo ojú ló ti yí padà, àmọ́ orúkọ, ìlú, àti púpọ̀ nínú ìtàn náà wá tààrà láti orí rédíò.

A kò sọ èyí láti bu Arness kù. Ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Anzio, ní Ítálì, nígbà ogun àgbáyé ni, ó sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa fún ọdún 20, títí di 1975. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí àwọn èèyàn bá ń yin Gunsmoke, tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn. Àwọn tó kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀ kò sí nínú fọ́tò.

Ohun tó tún le níbẹ̀ ni pé rédíò kò parí lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 6 sí i, Gunsmoke méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́sẹ̀ kan náà, Arness á gun ẹṣin lójú àwòrán, Conrad á sì dúró níwájú máíkì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á jẹ́ Matt Dillon bó ṣe ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ibi tí òun ń ṣiṣẹ́ ń tú. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ àwọn eré ọdún wọ̀nyẹn kò ní gbọ́ ohùn ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1961, Gunsmoke ti orí rédíò parí, lẹ́yìn tó ti jáde ju ìgbà 400 lọ. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, CBS pa àwọn eré rédíò ńlá tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tì. Ọ̀pọ̀ ló ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí ayé eré rédíò àtijọ́ dópin ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ọ̀pọ̀ òṣèré rédíò ló pa rẹ́ pẹ̀lú rédíò. Àwọn kan ríṣẹ́ kékeré. Howard McNear, dókítà Dodge City, wá di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí onígbàjámọ̀ nínú The Andy Griffith Show. Conrad náà kò jókòó sójú kan. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí fíìmù, ó sì darí púpọ̀. Ó tilẹ̀ darí àwọn kan nínú Gunsmoke orí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí wọ́n ní kò yẹ lójú àwòrán ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, tó ń sọ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Ohùn rẹ̀ náà kò gba ìsinmi. Láti ọdún 1959, òun ló ń sọ ìtàn nínú eré àwòrán àwọn ọmọdé tó dá lórí Rocky àti Bullwinkle. Níbẹ̀, ó fi ohùn tó ti ń dẹ́rù ba àgbàlagbà pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Láti 1963 sí 1967, òun ni ohùn tó ń sọ ìtàn nínú The Fugitive, eré nípa dókítà kan tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ìyàwó rẹ̀ láìṣẹ̀, tó sì ń sá kiri. Nígbà tí ìtàn náà parí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ló jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Conrad wà nínú ilé gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó rí i.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 1971, nígbà tí Conrad ti tó ẹni 50 ọdún, CBS kan náà tí kò fẹ́ kí ó jẹ́ Dillon lójú àwòrán fi í ṣe olórí eré tuntun kan. Cannon ni wọ́n pe eré náà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni Frank Cannon. Ó sanra, ó fẹ́ràn oúnjẹ tó dára, ó ń wa ọkọ̀ ńlá, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọgbọ́n jìbìtì mú un. Wọn kò fi aṣọ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò sì ní kó fọn kí wọ́n tó fún un níṣẹ́. Ara yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ eré náà lé lórí. Cannon lọ fún ọdún 5, títí di 1976, wọ́n sì wò ó kọjá Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ìyẹn, láti 1987 sí 1992, ó tún ṣe Jake and the Fatman. Agbẹjọ́rò ìjọba ló jẹ́ níbẹ̀. Orúkọ eré náà ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin sísanra, òun sì ni ọkùnrin náà. Ohun tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ ní 1955 ti di àkọlé eré tó ń jẹun lórí rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Conrad kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1994, ní ẹni ọdún 73. Àrùn ọkàn ló pa á. Ní ọdún 1997, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni rédíò sí ní Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí Cannon. Rédíò ló mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wọn.

Ohun tó gba ohùn rẹ̀ là

Báwo la ṣe lè sọ pé Dillon orí rédíò dára, nígbà tó ti lé ní ọdún 60 tó ti dákẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Wọ́n gba eré náà sílẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sórí àwo àti téèpù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò kò rí i lò mọ́, àwọn olùfẹ́ eré kó o jọ, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń fún ara wọn, títí ó fi dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè gbọ́ púpọ̀ nínú àwọn eré Gunsmoke ti orí rédíò. Ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Conrad kú lè pa ojú dé, kó sì rí Dodge City.

Nítorí téèpù ni a fi mọ̀ pé ohùn náà tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ká ní wọn kò gbà á sílẹ̀ ni, ìtàn tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ì bá kù, a ò bá sì máa sọ pé Arness ni Matt Dillon àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níhìn-ín. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Ìdàṣà dé Àjàṣẹ́, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Ó wà lára ògiri ilé, ó wà nínú fóònù ẹni tó ń lọ sóko, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta ata. Àwọn ohùn kan wà tí ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe mọ ohùn ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ti sọ àlọ́ fún yín, wọ́n ti bá yín ṣe eré ọkọ àti ìyàwó, wọ́n ti jẹ́ baálẹ̀, wọ́n ti jẹ́ ìyá ọkọ tó le. Mélòó nínú wọn ni ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Mélòó ni ẹ lè dá mọ̀ bí ẹ bá pàdé wọn lọ́jà?

A fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì eré rédíò Yorùbá àtijọ́ nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rinrin àti eku bà á jẹ́, ẹ má sì fi àdúrà tàbí orin tuntun pa á rẹ́. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù fún yín. Ẹ kọ orúkọ sára rẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, ọdún wo ni, rédíò wo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò lórí rédíò lónìí, nígbà tí eré bá parí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe é, títí kan ẹni tó gbá èèpo àgbọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní bàbá tàbí ìyá tó ti ṣeré rédíò rí, ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ tan fóònù yín, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.